Abọ́ Iyọ̀ Lórí Àyà Torcuil

Ẹ sún mọ́ iná, ẹ̀yin èèyàn mi. Kí ẹni tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn bá wa tì í, torí ìtàn tèmi yìí ní òtútù nínú. Ẹ gbé àwọn ọmọ lé ẹsẹ̀. Tí mo bá dárin, ẹ bá mi gbè é. Tí mo bá dákẹ́, ẹ má bojú wẹ̀yìn.

Egungun èèyàn ni wọ́n rí.

Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń la ọ̀nà mọ́tò gba orí òkè Glenrua, ní erékùṣù Cape Breton, ń kó òkìtì òkúta kan kúrò lọ́nà. Kùrukùru ti bo òkun lọ́sàn-án gangan. Ọ̀kan nínú wọn ju dígà rẹ̀ sílẹ̀, ó ró kọ̀. Ìró òkúta kọ́. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ló bá fi dígà sílẹ̀, ló bá sá. Ilé ọtí ló sá dé kó tó rántí mí.

Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo Glenrua ti sọ òkú náà lórúkọ.

"Torcuil ni! Torcuil MacSween tí Aonghas Matheson pa!"

Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Torcuil àti Aonghas jọ wọ ọkọ̀ ojú omi kan náà láti Scotland ni, àwọn ló wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi àáké kan igi nílẹ̀ yìí. Aonghas kó ìyàwó rẹ̀ dání. Torcuil fi tirẹ̀ sílẹ̀ nílé pẹ̀lú ọmọkùnrin kan, pé kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Nígbà òtútù àkọ́kọ́, Torcuil pòórá. Aonghas ní ó gba orí yìnyín kọjá lọ wáṣẹ́ lókè odò. Yìnyín yọ́, Torcuil kò dé. Ìyàwó rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tòun tọmọ, kò rí ọkọ, ṣùgbọ́n ó rí ẹ̀wù ọkọ. Aonghas ló wọ̀ ọ́ sọ́rùn.

Láti ọjọ́ náà, ará ilé MacSween kì í mu tíì nílé Matheson. Àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí iná kan ní àṣálẹ́, iná kékeré kan ṣoṣo, tí í máa ti orí òkè sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, tí í sì máa kú lẹ́nu géètì itẹ́ òkú. Wọ́n ní Aonghas ni, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ kò jẹ́ kó sùn.

Ṣé ẹ rí i bí ayé ṣe ń ṣeré? Nínú gbogbo ọmọkùnrin Cape Breton, ẹni tí Beathag MacSween, àtọmọdọ́mọ Torcuil, rí fẹ́ ni Eòghan Matheson.

*

Ilé Sìleas MacAskill ni Beathag sá lọ lọ́jọ́ kejì, omijé lójú.

Sìleas ti lo ogójì ọdún ní Boston. Ọmọ ọ̀dọ̀ ló lọ ṣe, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ọlọ́pàá ló padà dà. Wọ́n ní olè tó bá gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn á máa fúnra rẹ̀ na ọwọ́ fún ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ní báyìí ó ti fẹ̀yìn tì, ó ń sin adìẹ.

"Àǹtí, ẹ gbà mí o. Ìyá àgbà mi, Marsaili, ti búra."

"Kí ló búra?"

"Pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá sin egungun yẹn, lójú gbogbo ìjọ, òun á gbé ọwọ́ lé pósí, òun á ní ọmọ MacSween tó bá fẹ́ Matheson, òkú ni lójú òun. Ọjọ́bọ̀ ni ìsìnkú. Tó bá ti sọ ọ́ lórí pósí, Àǹtí, kò sẹ́ni tó lè tú u."

"Ìwọ ńkọ́, ṣé o gbà pé ìran ọkọ rẹ pààyàn?"

"Èmi? Eòghan ò lè pa adìẹ! Èmi ni mo ń bá wọn pa á nílé wọn."

Sìleas rẹ́rìn-ín. Ó wọ bàtà rẹ̀. "Jẹ́ ká lọ bi òkú fúnra rẹ̀ ná. Alààyè ti sọ̀rọ̀ jù."

*

Inú àká ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n tẹ́ egungun náà sí, lórí aṣọ funfun. Gillis, ọlọ́pàá ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n rán wá láti ìlú, dúró tì í bí ẹni tó bímọ.

"Màmá, ẹ má ṣe ara yín ní wàhálà. Ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ wo ẹsẹ̀ òsì, ó ti ṣẹ́ rí, ó sì jinná ní wíwọ́. Torcuil ṣẹ́sẹ̀ nínú ọkọ̀, gbogbo ayé ló mọ̀. Òun nìyí. Ẹ wá wo agbárí: ó là! Wọ́n fi nǹkan fọ́ ọ lórí."

"O ṣé," ni Sìleas wí. Ó tẹ̀ ba, ó ń kùn orin kan lábẹ́lẹ̀ bó ti máa ń ṣe bó bá ń ronú. "Ọmọ mi, báwo ni egungun yìí ṣe rí?"

"Ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, bí tíì."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo... rárá. Etí ibi tó là funfun."

"Ó funfun bí eyín ọmọdé. Bó bá jẹ́ láti ayé Aonghas ló ti là, ṣé ilẹ̀ tó pa gbogbo ara rẹ̀ láró máa fojú fo ibẹ̀ ni? Lọ bá mi wá ẹni tó ni dígà. Wàá rí i nílé ọtí. Òun ló fọ́ orí Torcuil, lọ́jọ́ àná."

Gillis họ orí. Ojú tì í díẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó na ọwọ́ sí abọ́ òjé kékeré kan tó wà lórí tábìlì. "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, májèlé ni! Ẹ wo abọ́ tí a bá lórí egungun àyà rẹ̀. Ìyá Marsaili ní abọ́ tí Aonghas fi fún un jẹ ni."

Beathag mú abọ́ náà, ó yí i padà.

"Àǹtí. Irú abọ́ yìí wà nílé Eòghan. Wọ́n tò wọ́n sórí pẹpẹ. Ẹnu wọn rí bí ewé báyìí gẹ́lẹ́. Ọ̀kan ti sọnù nínú wọn, àyè rẹ̀ ṣófo títí dòní."

"Ó parí!" ni Gillis pariwo. "Abọ́ Matheson!"

Sìleas gba abọ́ náà lọ́wọ́ Beathag. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Gillis, ìwọ tí wọ́n bí ní ìlú, nígbà tí bàbá àgbà rẹ kú, kí ni wọ́n gbé lé e láyà?"

"Òdòdó."

"Iyọ̀ ni tiwa. Abọ́ iyọ̀ lórí àyà òkú, kí ohun búburú má bàa sún mọ́ ọn. Wọn ì bá gbé e kúrò kí wọ́n tó sin ín, ṣùgbọ́n ẹni yìí fi í sílẹ̀ fún un títí ayé. Nígbà òtútù àkọ́kọ́ nínú igbó yìí, ta ló ní abọ́ láti fi ṣòfò? Ta ló ní iyọ̀? Ẹni tó pààyàn kì í fi iyọ̀ tọ́jú rẹ̀, ọmọ mi. Arákùnrin ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún arákùnrin."

"Kí ló wá dé tó fi pa irọ́?" ni Beathag bi í.

"Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ gan-an nìyẹn. Ó sin ín tìfẹ́tìfẹ́, ó sì fi í pamọ́. Fún ta ló fi í pamọ́?"

*

Ìyá Marsaili MacSween ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ó sì jókòó sórí àga rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́ ọn. Ọmọ-ọmọ Torcuil ni.

"Ìwọ Sìleas, ṣé Matheson ló rán ọ sí mi?"

"Bàbá àgbà yín ló rán mi, Màmá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀."

"Hùn. Kí ló wí?"

"Ó ní kò sẹ́ni tó pa òun."

"Ẹ̀wù rẹ̀ ńkọ́? Ìyá àgbà mi sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó rí ẹ̀wù tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun lọ́rùn ọkùnrin mìíràn. Títí ó fi kú, kò tún hun ẹ̀wù mọ́. Èmi ni mo máa ń dì í mú tó bá ń sunkún. Má ṣe bá mi sọ̀rọ̀ abọ́, Sìleas. Ta ló bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn rẹ̀?"

Sìleas fi ìbéèrè náà sọ́kàn. Ó mọ̀ pé ìbéèrè tó tọ́ ni.

"Màmá, iná orí òkè ńkọ́? Ṣé ẹ ti rí i rí?"

Marsaili yí orí padà. Ó wo ojú fèrèsé.

"Mo rí i nígbà ìkórè tó kọjá," ló wí. "Ó ń lọ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó gbé nǹkan tí kò fẹ́ kó jí."

*

Eòghan ló mú Sìleas lọ sí itẹ́ òkú ní àṣálẹ́. Gìrìwò ọmọkùnrin ni, ṣùgbọ́n ó ń rìn lẹ́yìn arúgbó náà bí ọmọ ewúrẹ́.

"Ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́?"

"Rárá o, Àǹtí. Mo kàn ń ṣọ́ ẹ̀yìn yín ni."

Kùrukùru ti wọlé jókòó sáàárín àwọn òkúta. Atẹ́gùn kankan kò fẹ́. Sìleas ń wo ọdún ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń lọ sẹ́yìn, ó ń lọ sẹ́yìn, títí ó fi dé òkúta kan tó kéré jù lọ, lẹ́bàá géètì. Kò ju ìrọ̀rí lọ. *Ọmọ Aonghas Matheson*, àti ọdún òtútù àkọ́kọ́.

"Ẹ̀gbọ́n bàbá bàbá àgbà mi ni," ni Eòghan wí. "Ìkókó ni. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n sin síbí."

"Ẹni kejì ńkọ́?"

Wọ́n wá a. Ọ̀pọ̀ ọdún ló wà láàárín wọn. Àwọn àkọ́dé yẹn le, wọn kì í tètè kú.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé Sìleas. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ̀ ọ́n: ẹni tí wọ́n sin kẹ́yìn ni í máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà itẹ́ òkú, títí òkú mìíràn á fi dé gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Scotland, bí ìsìnkú méjì bá bọ́ sọ́jọ́ kan, àwọn tó gbé pósí á máa sáré, àgbàlagbà pẹ̀lú irùngbọ̀n, kí ẹni tiwọn má bàa jẹ́ ẹni ìkẹyìn. Ṣùgbọ́n níbi tí ilẹ̀ ti jẹ́ tuntun, tí òkú kankan kò sí níbẹ̀ rí? Ta ló fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́, tí yóò dúró lóun nìkan ní igbó àjèjì, láìmọ ìgbà tí ẹnìkejì máa dé?

"Àǹtí," ni Eòghan wí wúyẹ́wúyẹ́. "Ẹ wo koríko."

Níwájú òkúta kékeré náà, koríko tẹ̀ wọlẹ̀ yíká, bí ibi tí àgbàlagbà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Bí wọ́n ṣe ń wò ó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nàró padà, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Wọn kò sáré. Wọ́n kàn rìn kíákíá ni.

*

Lọ́jọ́ kejì, aṣọ ń bẹ fún lílù nílé Matheson. Aṣọ irun àgùntàn tuntun, wọ́n ti rẹ ẹ́, wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì gígùn, àwọn obìnrin jókòó yí i ká, wọ́n ń lù ú kó lè nípọn, wọ́n ń yí i lọ bí oòrùn ṣe ń yí. Ẹ kò lè lu aṣọ láìkọrin. Aṣọ náà kò ní gbà. Sìleas jókòó sáàárín wọn, ó ká apá aṣọ sókè. Bàbá Fearchar, bàbá àgbà Eòghan, ló máa ń dá orin tó jẹ́ ti ilé wọn, láti orí àga rẹ̀ nídìí iná.

*Ta ló dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú kùrukùru?*
Hó ró, ẹ lù ú!
*Ta ló ń ṣọ́ wa nílẹ̀ tuntun?*
Hó ró, ẹ lù ú!
*Mo gbé àtùpà lọ bá a jókòó,*
Hó ró, ẹ lù ú!
*Kí òkùnkùn má bàa dá a gbé.*
Hó ró, ẹ lù ú!

Ibẹ̀ ni Bàbá Fearchar ti kùn. Kò kọ ọ̀rọ̀, ó kàn kùn ún, "hùn-ùn, hùn-ùn," títí ó fi kọjá ẹsẹ kan, kó tó padà sí ọ̀rọ̀. Àwọn obìnrin ń lù lọ; ó ti mọ́ wọn lára. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Sìleas dúró lórí aṣọ.

Nígbà tí wọ́n lọ wá tíì mu, Sìleas fa àga ti Bàbá Fearchar.

"Bàbá, ẹ gbé ẹsẹ kan mì."

"Ọ̀fun ló ń dùn mí."

"Ọ̀fun yín dùn yín ní àárín orin, ó wá sàn kí orin tó parí? Oògùn wo lẹ lò, kí èmi náà rà á?"

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú. "Ìwọ Sìleas, láti kékeré ni imú rẹ ti ń wọ inú ìkòkò ẹlòmíràn. Báyìí ni bàbá mi ṣe kọ́ mi, pé kí n kùn ún níta."

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín. Bí mo bá ṣìnà, ẹ lé mi jáde. Torcuil ń kú. Àyà ló ń dà á láàmú, àbí? Òtútù ti wọ̀ ọ́. Ó mọ̀ pé òun lòun máa kọ́kọ́ wọ itẹ́ òkú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà sọ́tọ̀ yẹn. Ó bẹ Aonghas pé kó má jẹ́ kí òun dá ṣọ́ ilẹ̀ àjèjì. Aonghas ṣèlérí. Ó gbé e gun orí òkè, ó kọjú rẹ̀ sí òkun, síhà ilé; ilẹ̀ ti dì, ó kó òkúta bò ó; ó fi abọ́ ilé rẹ̀ bu iyọ̀ lé e láyà. Ó wá parọ́ fáwọn ará, torí bí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á gbé e wálẹ̀, kò sí bàbá tó máa fẹ́ kí tiẹ̀ jẹ́ àkọ́kọ́."

Bàbá Fearchar ti pa ojú dé.

"Lẹ́yìn náà," ni Sìleas wí jẹ́jẹ́, "ikú tún wọlé, kí yìnyín tó yọ́. Ilé Aonghas fúnra rẹ̀ ló wọ̀."

"Ó tó," ni arúgbó náà wí. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sínú irùngbọ̀n. "Ó tó, ọmọ mi. Ìyàwó rẹ̀ máa ń gbọ́ tí ọmọ ń ké lẹ́nu géètì. Báwo ni Aonghas ṣe máa sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ló ń ṣọ́ ibi tó yẹ kí àgbàlagbà máa ṣọ́? Ó yàn kí wọ́n pe òun ní apààyàn. Gbogbo àṣálẹ́ ló máa ń gun òkè lọ kí Torcuil, á wá gbé àtùpà lọ jókòó ti ọmọ. Títí ẹlòmíràn fi kú."

"Ẹ̀wù ńkọ́, Bàbá? Ìyá Marsaili á bi mí."

"Torcuil ló bọ́ ọ fún un nígbà tó ku díẹ̀. Ó ní, 'Fún ìkókó yẹn, èmi ò nílò ooru mọ́.' Inú ẹ̀wù yẹn ni ọmọ náà kú sí. Kò lè sọ ọ́ nù."

Iná ta pàrà. Sìleas nu ojú ara rẹ̀.

"Bàbá, ìbéèrè kan ló kù. Wọ́n rí iná náà nígbà ìkórè tó kọjá."

Fearchar wò ó, ojú rẹ̀ mọ́ kedere.

"Aonghas ti kú kí wọ́n tó bí mi," ló wí. "Èmi kì í sì í jáde lálẹ́."

*

Ọjọ́bọ̀ dé. Wọ́n gbé pósí Torcuil dé ẹnu géètì itẹ́ òkú, MacSween lọ́tùn-ún, Matheson lókèèrè lósì. Ìyá Marsaili gbé ọwọ́ lé pósí.

"Màmá, ẹ dákun," ni Sìleas wí. "Kí ẹ tó búra, ẹ jẹ́ kí Bàbá Fearchar kọ ẹsẹ orin kan fún yín. Wọn ò tíì kọ ọ́ síta rí."

"Ìsìnkú kọ́ ni ibi tí wọ́n ti ń lu aṣọ."

"Ẹsẹ kan péré ni."

Arúgbó ọkùnrin náà ṣí fìlà. Ohùn rẹ̀ gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ tán:

*Ẹni tó yẹ kó dúró wà lórí òkè,*
*ó kọjú sókun, iyọ̀ ń bẹ láyà rẹ̀;*
*ọmọ mi tí kò tíì mọ ìrìn*
*ló dúró fún ọ̀rẹ́ mi lẹ́nu ọ̀nà.*

Kò sẹ́ni tó gbè é. Sìleas wá sọ ìyókù, ó sọ ti abọ́, ó sọ ti àtùpà, ó sọ ti ẹ̀wù. Ìyá Marsaili kò gbé ọwọ́ kúrò lórí pósí. Ó kàn ń wo òkúta kékeré tó wà lẹ́bàá géètì, ó wò ó pẹ́.

"Ìyá àgbà mi sunkún kú," ló wí níkẹyìn. "Ìyá ọmọ yìí náà sunkún kú. Ilé wọn kò jìnnà síra wọn."

"Màmá," ni Fearchar wí, "bí ẹ bá fẹ́, ká gbé e padà sórí òkè. Ohun tó bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn."

"Rárá! Ẹ gbé e wọlé. Ọmọ ọwọ́ ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Kó wá ṣe tirẹ̀ lónìí, ẹsẹ̀ wíwọ́ kò dí ìdúró." Ó yí ojú padà. "Kò sì ní pẹ́ níbẹ̀. Èmi ló kàn. N óò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, n óò sì bi í léèrè ohun púpọ̀."

Ó wá na ọ̀pá rẹ̀ sí Eòghan.

"Ìwọ ọmọ Matheson, kí lò ń wò bí màlúù? Wá gbé igun pósí yìí. Àna rẹ ni."

Beathag fi igbe ayọ̀ ta ní itẹ́ òkú, àlùfáà sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ilé Ìyá Marsaili ni wọ́n ti jẹun. Pòtétò gbígbóná àti ẹja oníyọ̀, ìfun àgùntàn tí wọ́n fi ọkà àti àlùbọ́sà kún, búrẹ́dì pẹlẹbẹ pẹ̀lú bọ́tà, tíì dúdú bí ọ̀dà. Àwọn Matheson kọ́kọ́ jókòó létí àga, ṣùgbọ́n ta ló lè jẹ ìfun àgùntàn létí àga? Gillis bu pòtétò lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní ìwádìí kò tíì parí. Wọ́n mu ọtí díẹ̀, wọ́n kọrin púpọ̀, Fearchar kò sì kùn mọ́. Wọ́n dá ọjọ́ ìgbéyàwó sí ìgbà tí wọ́n bá kó ọkà tán.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, wọ́n ń lọ sílé lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ikùn kún, ọkàn fúyẹ́, ẹran tó kù wà nínú aṣọ lọ́wọ́ àwọn obìnrin. Ọ̀nà ilé gba iwájú géètì itẹ́ òkú. Olúkúlùkù ń ṣí fìlà bó ti ń kọjá, àwọn ọmọdé ń tẹ orí ba.

"Ẹ kú iṣọ́ o, Bàbá Torcuil!"

Kò sẹ́ni tó dúró gbọ́ bóyá ó dáhùn.